Àmì Tó Ń Rán Sẹ́ẹ̀lì Létí Ipò Rẹ̀

Akọ kantíkantí, irú èyí tó máa ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírà ká, ní òòyà lẹ́sẹ̀: eyín dúdú kéékèèké tó tò sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì iwájú. Mẹ́rin yòókù kò ní in. Lọ́dún 1947, Pamela Lewis kọ̀wé nípa àwọn kan tí òòyà hù sí ẹsẹ̀ àárín àti tẹ̀yìn wọn. Polycomb ni wọ́n sọ jíìnì tó yí padà lára wọn, ìyẹn olóòyà púpọ̀.

DNA kan náà ló wà nínú gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Jíìnì kan tó ń jẹ́ Scr ló ń sọ ẹsẹ̀ di ti iwájú. Ó yẹ kó ṣí níwájú, ìyẹn kó máa ṣiṣẹ́, kó sì wà ní pípadé lẹ́yìn. Nígbà tí ọlẹ̀ ṣì wà nínú ẹyin, àwọn purotéènì kan ló ń pàṣẹ ibi tí yóò ti ṣí, àmọ́ láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n ti pòórá. Àṣẹ wọn ló kù.

Ara hísítóònù, ìyẹn purotéènì tí DNA ń wé mọ́, ni àṣẹ náà wà. Bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú ni DNA ṣe ń wé mọ́ hísítóònù mẹ́jọ-mẹ́jọ, lẹ́tà 147 lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìrù hísítóònù máa ń yọ síta. Ẹ́ńsáìmù inú PRC2, àkójọ purotéènì kan, á wá lẹ methyl, kábónì kan àti háídírójìn mẹ́ta péré, mọ́ ipò 27 lórí ìrù H3, ọ̀kan lára àwọn hísítóònù. Tó bá lẹ mẹ́ta síbẹ̀, purotéènì Polycomb á dì í mú, jíìnì á sì wà ní pípadé. Àwọn purotéènì ẹ̀yà Trithorax ló ń ṣe òdìkejì rẹ̀, kí èyí tó ṣí má bàa padé.

Ibi tó dùn jù nìyí: bí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, àwọn ọmọ rẹ̀ á pín hísítóònù àtijọ́ láàárín ara wọn. PRC2 á rí àmì lára ògbólógbòó, á sì fi irú rẹ̀ sára tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì pààrọ̀ ipò 27 yìí lára kantíkantí. Ẹ́ńsáìmù wà níbẹ̀ digbí, kò kàn ríbi fi àmì sí ni. Àwọn jíìnì tó yẹ kó sùn jí.

Àwa ènìyàn náà ní ẹ́ńsáìmù yìí. EZH2 là ń pe tiwa. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjì tí ọmọ ní bá yí padà, ó lè fa àrùn Weaver: ọmọ náà á ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti kékeré, egungun rẹ̀ á sì máa gbó ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀.