Ṣé ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ kọ́ńtíráàtì fóònù ti há náà nìyẹn?

Níbi ìkómọ kan ní Peckham, àǹtí mi kan na fóònù rẹ̀ sí mi. £30 ló ń san lóṣù, ó sì ku oṣù 7. Ọmọkùnrin tó jókòó tì wá ń lo síìmù £8 lóṣù, dátà tiẹ̀ sì tún pọ̀ ju ti àǹtí lọ.

"Àǹtí, kí lẹ ṣì ń ṣe níbẹ̀?"

"Àbúrò, mo ti tọwọ́ bọ̀wé. Bí mo bá kúrò, wọ́n á gba náḿbà mi, orúkọ mi á sì bàjẹ́ ní báńkì."

Ọ̀pọ̀ wa ní Ìlú Ọba ló gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńtíráàtì kì í so èèyàn mọ́lẹ̀, owó ìjáde ló máa ń gbà. Ẹ lè mọ iye rẹ̀ láìkúrò lórí àga: ẹ kọ INFO, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 85075 láti orí síìmù yẹn gan-an. Ní ti náḿbà, láti July 2019 ni àtẹ̀jíṣẹ́ PAC sí 65075 ti ń gba kóòdù tẹ́ ẹ ó fi gbé e lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni kóòdù náà fi ń ṣiṣẹ́. Títí ẹ ó fi gbé e fún nẹ́tíwọ̀kì tuntun, kò sí ohun tó yí padà.

Àǹtí fi INFO ránṣẹ́. Èsì dé: £151. Mo gba bírò, mo ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn páálí ìpápánu. Bí wọ́n bá dúró, 30 lọ́nà 7 jẹ́ £210. Bí wọ́n bá lọ, £151 pẹ̀lú £56 fún síìmù tuntun, £207. Gbogbo wàhálà yẹn nítorí £3! Ká ní £100 ni owó ìjáde ni, £54 ì bá wọlé, mi ò bá sì ní kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. (Bí owó fóònù fúnra rẹ̀ bá wà lọ́tọ̀ nínú ìwé, ẹ ṣì máa san èyí tó kù.)

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá fowó kún un lọ́nà tí kò sí nínú àdéhùn, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Àfikún tó ti wà nínú ìwé látilẹ̀ kò sí lára ìyẹn.

Bùrọ̀dá kan dá sí i: "Ẹ sáà lọ ti Direct Debit tó ń yọ owó wọn lóṣooṣù pa ní báńkì!" Háà! Èyí gan-an ló ń ba orúkọ jẹ́. Gbèsè tí wọ́n bá kọ ní default, ìyẹn pé ẹ kò san án, ọdún 6 ló máa wà lákọsílẹ̀ gbèsè yín.

Àǹtí dúró. Àmọ́ bí oṣù 7 bá pé, £30 yẹn lè máa lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀. Mo bá wọn fi àláàmù sí ọjọ́ náà nínú fóònù, wọ́n sì ní kí n lọ bá àwọn wá mọ́ínmọ́ín sí i.