Bí Ọsirélíà Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Pín Oko Fún Àwọn Ọmọ Ogun Rẹ̀

Ogun Àgbáyé Kìíní kò tíì parí tí Ọsirélíà ti ń ṣètò oko fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìpínlẹ̀ South Australia ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1915, New South Wales tẹ̀ lé e ní 1916, Victoria ní 1917. Ìjọba kò lè fi tipá kó ènìyàn lọ sógun òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìbò lé e lórí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ará ìlú kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń lọ, ìlérí ilẹ̀ sì ń fà wọ́n.

Ìpínlẹ̀ yóò wá ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ yóò yá wọn lówó, àgbẹ̀ yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní 37,000 ènìyàn tó gba oko. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n gé fún ọ̀pọ̀ wọn kò tó bọ́ ìdílé. Àwọn kan kò roko rí. Àwọn mìíràn ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun, tí wọn ò lè ṣiṣẹ́ agbára mọ́. Ọ̀dá dá, ehoro jẹ irè, owó ọjà já wálẹ̀, èlé kò sì dúró.

Ẹ wo Hugo Throssell. Òun àti arákùnrin rẹ̀ Ric ń dáko ní Cowcowing, ní Western Australia, kí wọ́n tó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ní 1914. Hugo gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún akọni ogun, nítorí akin tó ṣe ní Hill 60, ní Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì, lóṣù August 1915. Ric kú ní Gaza ní 1917. Nígbà tí Hugo padà, ó di aṣojú àwọn ológun nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín oko yìí. Gbèsè wọ òun náà lọ́rùn, ó sì gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1933. Akọni tí gbogbo ìlú mọ̀ nìyẹn o; mélòó ni ti àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n?

Ní 1929, Adájọ́ Pike, tí ìjọba ní kó yẹ ètò náà wò, ṣírò rẹ̀ pé àdánù ètò náà ti kọjá mílíọ̀nù 23 pọ́n-ùn. Ó ní àìlówó lọ́wọ́, ilẹ̀ tó kéré, àìmọ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti owó irè oko tó já wálẹ̀ ló fà á. Nígbà tí wọ́n tún ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gé ilẹ̀ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ kí wọ́n tó fún wọn ní oko.

Ohun tí wọn kò ṣàtúnṣe rẹ̀ ló dùn mí jù. Ní Victoria, wọ́n gé ilẹ̀ Lake Condah, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn Aborigine, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, fún àwọn ológun aláwọ̀ funfun. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni Herbert Lovett. Ó jà nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ó tọrọ oko níbẹ̀, wọn kò fún un.