Bí Báàgì Ẹ̀ṣẹ́ Ṣe Dé Kíláàsì Eré Ìdárayá

Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ tí àwọn tó ń jà lóòótọ́ ń sọ pé kíláàsì kickboxing, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, tí wọ́n ń fi orin ṣe yìí, wọ́n kàn ń fi báàgì ẹ̀ṣẹ́ ṣeré ni, pé ti akànṣẹ́ ni báàgì, kò kan ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Tá a bá tú ìtàn báàgì yìí débi ìdí, a máa rí i pé àwọn tí ò jà rí láyé wọn ti wà nídìí ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, dókítà ló tiẹ̀ ní kí wọ́n lọ síbẹ̀.

Ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Korykos ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àpò awọ ni, wọ́n á fi okùn so ó kọ́ sókè àjà. Ó tiẹ̀ ní yàrá tiẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń dánra wò, Vitruvius tó máa ń ya àwòrán ilé fáwọn ará Róòmù ka yàrá yẹn mọ́ èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Philostratus, òǹkọ̀wé Gíríìkì, náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí báàgì akànṣẹ́ fúyẹ́, kí tàwọn tó ń ja pankration tóbi kó sì wúwo jù ú lọ, torí pankration yẹn, ẹ̀ṣẹ́ wà nínú ẹ̀, ìpá wà nínú ẹ̀, gídígbò náà wà nínú ẹ̀. Ohun èlò idẹ kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù Villa Giulia ní Róòmù, Cista Ficoroni lorúkọ ẹ̀, ó ti tó ọ̀rúndún 4 ṣáájú Kristi, wọ́n fín àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí i lára tó ń kan báàgì lẹ́ṣẹ̀ẹ́, Silenus, arúgbó oníkùn ńlá inú ìtàn àròsọ Gíríìsì, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń sín in jẹ. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn gan-an ni.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀ dáadáa ni Antyllus. Dókítà ni, kì í ṣe akànṣẹ́, nǹkan bí ọ̀rúndún 2 lẹ́yìn Kristi ló gbáyé, Oribasius tóun náà jẹ́ dókítà ló kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ pa mọ́ sínú ìwé tiẹ̀ tá a fi rí i kà lónìí. Ó ní tó bá jẹ́ ẹni tí ò lágbára ni, kí wọ́n fi kóró ọ̀pọ̀tọ́ tàbí ìyẹ̀fun kún inú báàgì, tó bá jẹ́ alágbára, kí wọ́n rọ iyanrìn sí i. Kí wọ́n so ó kọ́ kó ṣe déédéé ìdodo onítọ̀hún. Kó fọwọ́ méjèèjì mú un, kó kọ́kọ́ rọra máa jù ú lọ jù ú bọ̀, tára ẹ̀ bá ti ń gbóná kó wá máa tì í kíkankíkan, kó máa tẹ̀ lé e tó bá ń lọ, kó máa fún un lọ́nà tó bá ń bọ̀, nígbà tó bá yá kó tì í dànù kó sì jẹ́ kó padà wá bá òun láyà. Ẹ wò ó, báàgì aláìlera ọ̀tọ̀, báàgì alágbára ọ̀tọ̀, gíga ẹ̀ ní òṣùwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó fi agbára sí i ní ètò, kí ló tún kù tí tíṣà kíláàsì òde òní ń ṣe tó yàtọ̀ síyẹn? Ìlera ni Antyllus ń wá, kò bá ìjà kankan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ọjọ́ gùn díẹ̀ o, ká fò ó. Ọdún 1867 ni wọ́n gbé òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Queensberry jáde ní London, òfin yẹn ló sọ pé kí ráùndì kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 1, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀pọ̀ jíìmù tí wọ́n ti ń lu báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agogo ìṣẹ́jú 3 yẹn ṣiṣẹ́, ẹ fọkàn sí i torí a ṣì máa padà kàn án níwájú. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún 19, báàgì lílù ti di eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà fáwọn tí kò ní i wọ inú okùn pápá ìjà láéláé, àwọn obìnrin náà ń lù ú, àwọn míì tiẹ̀ ń lù ú lórí ìtàgé káwọn èèyàn sanwó wá wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé àná làwọn obìnrin débẹ̀.

Ní ìlà-oòrùn ayé, wọ́n ní tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn oníkàráté Okinawa ní makiwara, pákó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi okùn koríko wé lórí, òun ni wọ́n ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí eegun ọwọ́ á fi le. Àwọn ará Thailand ní báàgì gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, torí ẹni tó ń ja Muay Thai máa ń ta èèyàn nípàá látojúgun títí dé ọrùn, báàgì kúkúrú ò lè kọ́ ọ níyẹn. Osamu Noguchi, ọmọ Japan tó ń gbé ìjà ẹ̀ṣẹ́ kalẹ̀, ló rí ìjà àwọn ará Thailand yìí tó dà á pọ̀ mọ́ kàráté, ó sì gbé ìdíje kickboxing àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Osaka ní 1966. Amẹ́ríkà náà ò dúró: ní January 1970, Joe Lewis tó ń ṣe kàráté wọ ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́ láti bá Greg Baines jà, ní September 1974 wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé ní Los Angeles, Lewis, Bill Wallace, Jeff Smith àti Isaias Dueñas ló gba ipò kìíní, kálukú ní ìsọ̀rí ìwọ̀n tiẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì sí wa níbẹ̀ ni pé látìgbà yẹn, ẹni tó ń kọ́ kàráté ní Amẹ́ríkà ní láti mọ báàgì í lù bí akànṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ nìkan lọ̀pọ̀ wọn ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá sì bá ara wọn jà wọ́n á dá ọwọ́ dúró kó tó kan ara. Ẹnìkan tún wà, Jhoon Rhee, ọmọ Korea tó ń kọ́ wọn ní taekwondo ní Washington, òun ló ṣe ìbọ̀wọ́ àti ìbọsẹ̀ fóòmù káwọn èèyàn lè lu ara wọn láìṣeṣe, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá mọ́ orin. Nígbà yẹn, ta ló rò pé orin àti ìjà lè jọ gbé pọ̀!

Àárín àsìkò yẹn náà ni ọ̀rọ̀ aerobics ń gbóná lápá ọ̀tọ̀. Kenneth Cooper, dókítà àwọn ọmọ ogun òfuurufú, gbé ìwé ẹ̀ jáde ní 1968, ó ní ká máa ṣe ohun tó ń mú ọkàn lù kíkankíkan fúngbà pípẹ́. Ní 1969, Jacki Sorensen sọ ọ́ di ijó fáwọn ìyàwó ọmọ ogun ní Puerto Rico, ọdún yẹn kan náà ni Judi Sheppard Missett bẹ̀rẹ̀ Jazzercise, tó fi máa di 1982 tí fídíò Jane Fonda jáde, kò sí àdúgbò tí ò ní kíláàsì ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ obìnrin ló pọ̀ jù nínú kíláàsì aerobics, ọkùnrin ló pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti ń lu báàgì, wọn ò sì bára wọn pàdé.

Billy Blanks ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n bí i ní 1955 nílùú Erie ní Pennsylvania, ọmọ 15 ni wọ́n nílé wọn, kíkàwé ṣòro fún un torí dyslexia tẹ́nikẹ́ni ò tètè rí, kàráté ló gbà á sílẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó da taekwondo, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti ijó pọ̀, ó pè é ní Tae Bo, ó ń kọ́ wọn níléeṣẹ́ ẹ̀ ní Sherman Oaks lẹ́bàá Los Angeles, nígbà tó sì di 1998 tí wọ́n gbé fídíò ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n kí ẹni tó bá fẹ́ fóònù kó rà á, ó tàn kálẹ̀ débi pé lónìí ní Lagos ẹlòmíì ṣì ń pe gbogbo kíláàsì tó bá ti ní ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ní Tae Bo. Àmọ́ Blanks yọ báàgì kúrò. Mo gbà pé ọgbọ́n ni, torí ẹni tó wà ní pálọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n níbo ló fẹ́ so báàgì rọ̀ sí? Tí báàgì bá wà nínú ẹ̀ ni, kò ní i délé ẹnikẹ́ni. Les Mills, iléeṣẹ́ eré ìdárayá ní New Zealand, náà gbé kíláàsì BodyCombat jáde ní 1999, afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Afẹ́fẹ́ ní wàhálà tiẹ̀ o. Tó o bá fi gbogbo agbára ju ẹ̀ṣẹ́ sáfẹ́fẹ́ tí kò bá nǹkan kan, ìgúnpá rẹ ló máa dá a dúró, tó bá sì jẹ́ ìpá ni, orúnkún ni, bó o bá ṣe ń ṣe é léraléra báyẹn, oríkèé rẹ á sọ fún ẹ. Yàtọ̀ síyẹn, afẹ́fẹ́ kì í dáni lóhùn. O lè máa tẹ ọrùn ọwọ́ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá kó o má mọ̀, àmọ́ kó o kan báàgì lẹ́ẹ̀kan péré pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó tẹ̀, wàá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Báàgì máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń ṣe: ẹ̀ṣẹ́ tó bá lọ tààrà tó sì padà kíá á dún gbà, èyí tó bá kàn ń tì í á dún bùù, báàgì á sì máa fì lọ fì bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ti jáńgílófà fọ́mọ. Ìdí nìyí táwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fídíò fi ń wá ohun tí wọ́n máa lù.

Ohun tó wá ṣí ọ̀nà fún wọn, mo rò pé àwọn èèyàn ò kà á sí tó bó ṣe yẹ, ni báàgì tó ń dá dúró. Mike Dillard tó dá Century sílẹ̀ ní Oklahoma ní 1976, aṣọ kàráté ló fi bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ yẹn ló wá ṣe Wavemaster: báàgì fóòmù lórí ìdí oníke ńlá tó ṣófo, wàá bu omi tàbí iyanrìn sí i, ó parí. Kí ìyẹn tó dé, o ní láti ní irin tó lágbára lókè kó o tó so báàgì 20 rọ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ò ní irú ẹ̀, ẹni tó ni ilé ò sì ní i gbà kó o lu òrùlé òun. Báyìí, tí kíláàsì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yí i lórí etí ìdí ẹ̀ wá sáàárín ilé, wọ́n á tò wọ́n ní ìlà, tí kíláàsì bá parí wọ́n á tún yí i padà sídìí ògiri, gbọ̀ngàn á di gbọ̀ngàn padà. Omi fúyẹ́ ju iyanrìn lọ, torí náà eléyìí tí wọ́n bu omi sí máa ń rìn lórí ilẹ̀ tẹ́ni tó lẹ́sẹ̀ bá ń ta á nípàá.

Látibẹ̀ ló ti di òwò. Jíìmù LA Boxing ti bẹ̀rẹ̀ ní California láti 1992, wọ́n so báàgì púpọ̀ rọ̀ sáyè kan ṣoṣo káwọn tí kì í ṣe akànṣẹ́ lè jọ lù ú. Ní 2008, Title Boxing Club ṣílẹ̀kùn ní Kansas, ọdún yẹn náà ni Shannon Hudson tó ń ja kickboxing àti ìyàwó ẹ̀ Heather bẹ̀rẹ̀ 9Round ní South Carolina, ibùdó 9, ìṣẹ́jú 3 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú o ti parí. Ìṣẹ́jú 3 Queensberry náà nìyẹn, agogo kan náà, ẹni tó ń lù ú ló yí padà.

Ní 2017, jíìmù Rumble bẹ̀rẹ̀ ní New York pẹ̀lú báàgì olómi tó rí roboto, omi inú ẹ̀ ló ń gba ẹ̀ṣẹ́, torí náà kì í dun ọwọ́ àti èjìká bíi ti aláwọ, èèyàn sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ gbé e látìsàlẹ̀ lọ sókè, èyí tí báàgì gígùn kì í jẹ́ kó rọrùn. Ráùndì 10 ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìdajì kíláàsì á wà nídìí báàgì, ìdajì á wà nílẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n ń gbé, tó bá yá wọ́n á pààrọ̀.