Gbèsè ló Kọ́kọ́ Wọ Ọkọ̀: Bí Sípéènì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Gba Ilẹ̀ Òkèèrè

Bí ẹ bá béèrè ohun tó gbé àwọn ará Sípéènì sọdá òkun, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà síni létí: wúrà, ẹ̀sìn àti òkìkí. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọba mélòó ni kò fẹ́ wúrà láyé yìí, tí wọn ò sì kúrò nílé? Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ Sípéènì ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wá owó ìrìn àjò. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ọba. Ìwé ló ń kọ fún èèyàn, pé kí wọ́n lọ fi owó ara wọn gba ilẹ̀, kí wọ́n wá mú ìpín tirẹ̀ wá.

Etíkun ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ le. Nígbà tí Castile, ìjọba tó wá di apá tó tóbi jù nínú Sípéènì, àti Pọ́túgà ń jagun láàárín 1475 sí 1479, àwọn ọkọ̀ Castile ń yọ́ lọ ra wúrà ní Mina, ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Ní 1478 àwọn ará Pọ́túgà ká wọn mọ́ ibẹ̀, wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n gba wúrà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n parí ìjà ní ìlú Alcáçovas. Etíkun Guinea, ìyẹn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, di ti Pọ́túgà, àwọn erékùṣù Canary tó wà lójú òkun nítòsí Áfíríkà bọ́ sọ́wọ́ Castile. Bí ọ̀nà gúúsù ṣe pa nìyẹn. Ará Castile tó bá ṣì ń wá wúrà àti kànáfùrù Éṣíà, àfi kó gba ìwọ̀ oòrùn.

Canary yìí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gágun kan á gba ìwé lọ́wọ́ ọba, á wá olówó tí yóò yá a lówó, á kó àwọn jagunjagun jọ. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, wọ́n á pín ilẹ̀, wọ́n á gbin ìrèké, wọ́n á sì ta nínú àwọn onílẹ̀ lẹ́rú kí wọ́n lè san gbèsè. Gran Canaria ṣubú ní 1483, La Palma ní 1493, Tenerife ní 1496. Nígbà tí Columbus, atukọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Castile, ń padà lọ sí òdìkejì òkun lẹ́ẹ̀kejì ní 1493, ó mú ìrèké láti Canary dání.

Ìwé Columbus fúnra rẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń jókòó kà. Granada, ìjọba Mùsùlùmí tó kẹ́yìn ní ilẹ̀ náà, bọ́ sọ́wọ́ Isabella, ọbabìnrin Castile, àti Ferdinand ọkọ rẹ̀, ọba Aragon, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1492. Ogun ọdún mẹ́wàá ti gbẹ àpò wọn. Ní Santa Fe, ìlú tí wọ́n kọ́ nígbà tí wọ́n dó ti Granada, ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin. Columbus yóò jẹ́ ọ̀gá àgbà lórí òkun, yóò jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àti gómìnà lórí ilẹ̀ tó bá rí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá wúrà, fàdákà, péálì àti èròjà ọbẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀. Bó bá wù ú, ó lè dá ìdá kan nínú mẹ́jọ owó ọkọ̀, kó sì gba ìdá kan nínú mẹ́jọ èrè. Ẹnì kankan nínú wọn ò tíì fojú rí ilẹ̀ tí wọ́n ń pín yìí o.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọbabìnrin fi ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ dógò. Ìtàn lásán ni. Luis de Santángel, tó ń ṣiṣẹ́ ìnáwó láàfin, ló ṣètò owó náà. Méjì nínú ọkọ̀ mẹ́ta tó lọ, owó ìtanràn ni: ìlú Palos ló ṣẹ ọba, ọba sì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ méjì san án.

Ẹ̀sìn wá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, Isabella kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà ló tún ń fún wọn ní ìwé ilẹ̀. Ní 1493, Póòpù Alexander Kẹfà, ẹni tí wọ́n bí ní ẹkùn Valencia, fún wọn láṣẹ lórí àwọn ilẹ̀ tuntun náà kí wọ́n lè sọ àwọn ará ibẹ̀ di onígbàgbọ́. Ní 1494, Castile àti Pọ́túgà pín òkun ní ìlú Tordesillas. Láti 1513, wọ́n ní ìwé kan tí jagunjagun gbọ́dọ̀ kà sétí àwọn onílẹ̀ kó tó kọ lù wọ́n: kí wọ́n gba ìjọ àti ọba, tàbí kí wọ́n gba ogun, ẹ̀bi sì di ti àwọn fúnra wọn. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń kà á fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ìgbà mìíràn, ahoro ni wọ́n ń kà á fún.

Onígbèsè kì í ní sùúrù. Ní Hispaniola, erékùṣù tí Haiti àti Dominican Republic wà lónìí, wúrà ò pọ̀ tó bí Columbus ṣe fi yangàn, ló bá pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ ní agbègbè tí wúrà wà máa mú wúrà tó kún ṣaworo kan wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ àṣá lẹ́sẹ̀ ni. Nígbà tí ìyẹn ò tó, ó kó nǹkan bí 500 èèyàn sọ́kọ̀ ní 1495 láti lọ tà wọ́n ní Sípéènì. Ọ̀pọ̀ kú lójú omi. Ní 1511, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Antonio de Montesinos bi àwọn ará rẹ̀ nínú ìwàásù ní Santo Domingo bóyá àwọn tí wọ́n ń pọ́n lójú yìí kì í ṣe èèyàn ni. Inú bí wọn débi pé wọ́n ní dandan ni kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Àwọn tó tẹ̀ lé Pizarro, ọ̀gágun ará Sípéènì kan, lọ sí Peru kì í gba owó oṣù. Ìpín ni wọ́n ń retí. Ní Cajamarca, ní 1532, èèyàn 168 ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú Atahualpa, ọba Inca. Ọba náà ní òun á fi wúrà kún yàrá kan lẹ́ẹ̀kan, òun á fi fàdákà kún òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀. Ọba Sípéènì mú ìdá kan nínú márùn-ún, ẹlẹ́ṣin gba nǹkan bí ìlọ́po méjì ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n gba owó ìdáǹdè tán, wọ́n sì pa ẹni tó san án. Àwọn ọmọ ogun Almagro, ẹni tí òun àti Pizarro jọ dòwò, dé lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ọba náà. Díẹ̀ ni wọ́n rí gbà. Ìjà ìpín yìí ni wọ́n fi pa Almagro ní 1538, òun náà sì ni àwọn ẹ̀yìn Almagro fi pa Pizarro ní 1541.

Ọba fúnra rẹ̀ ò bọ́ nínú gbèsè. Láti 1545 ni fàdákà ti ń jáde ní Potosí, ní ilẹ̀ Bolivia òde òní, síbẹ̀ ní 1557 Philip Kejì ò rí gbèsè rẹ̀ san.

Irú ìwé àṣẹ tí ọba ń kọ yìí kan náà ni wọ́n fi fa àwọn èèyàn Áfíríkà wọ̀ ọ́. Ní 1518, Ọba Charles fún ìjòyè ààfin kan, Laurent de Gouvenot, láṣẹ láti kó 4,000 ọmọ Áfíríkà lọ sí àwọn ilẹ̀ náà. Gouvenot ò ra ọkọ̀ kankan. Ó ta ìwé náà fún àwọn oníṣòwò Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ti tú, àwọn ọmọ Yorùbá náà pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kó dé Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí. Oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn.