Ìgbàgbọ́, àìgbàgbọ́ àti ìrírí ẹ̀mí ní Kwara

Ìrírí ẹ̀mí ni kí èèyàn sọ pé òun gbóhùn Ọlọ́run tàbí pé òun sún mọ́ ọn láìsí alágbàtà. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, ó tún mẹ́nu ba àwọn tí ò gbà pé Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ohun tí ìgbàgbọ́ ń mú kí èèyàn ṣe ní ti gidi: kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó má loògùn, kó kọ́lé ìwé.

Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá àti ọ̀rọ̀ oògùn

Nínú àwọn ọmọ gúúsù Kwara tí ìrírí ẹ̀mí sọ di ẹni àgbáyé, ó ṣòro láti rí ẹni tó ju Babalọlá lọ. Odò-Ọwà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1904, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba ní P.W.D., ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ òde, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ní oṣù kẹwàá 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ṣe ń tún un ṣe ló ní òun gbóhùn tó pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta tó sì ní kóun fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kóun lọ wàásù. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Kí òǹkàwé má fojú kékeré wo ìyẹn o, torí owó oṣù ìjọba láyé ọjọ́un kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń jù nù, mọ̀lẹ́bí tó ń retí ẹ̀ pọ̀.

Agogo àti ìgò omi làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọn. Ó ní ojú ìran lòun ti gba àṣẹ pé òun máa fi omi tí wọ́n gbàdúrà sí wo aláìsàn, omi yẹn ló di omi ìyè. Ní 1929 wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní ọ̀sà l'Ékòó nínú ìjọ Faith Tabernacle, ìjọ tó ní àjọṣe pẹ̀lú èyí tó wà ní Filadẹ́fíà l'Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni pé àdúrà nìkan ni ìwòsàn, kò sí ti dókítà, kò sí ti oníṣègùn ìbílẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró ṣáájú, láti ìgbà àjàkálẹ̀ ààrùn ọdún 1918 tí oògùn òyìnbó ò ràn án, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ aládùúrà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbàdúrà fáwọn èèyàn. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní oṣù keje 1930, èrò ń wọ́ wá láti ibi tó jìnnà, àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ sì ròyìn pé òkú ọmọ kan jí níbẹ̀. Ìjọba òyìnbó ò fẹ́ràn èrò rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1932 wọ́n sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lórí ìwàásù tó ń ṣe nípa àjẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni ti kuníìnì, oògùn ibà. Láti 1931 síwájú, àwọn aládùúrà wọ̀yí bá ìjọ Apostolic tó wá láti ilẹ̀ Bìrìtìkó da nǹkan pọ̀, ààbò ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wọn torí ìyọlẹ́nu ìjọba. Àṣé àwọn míṣọ́nnárì náà ń lo kuníìnì kí ibà má bàa pa wọ́n, àwọn èèyàn Babalọlá wá ń bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ń wàásù ìwòsàn àdúrà tẹ́ ẹ sì ń gbé oògùn mì. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó pín wọn níyà ní nǹkan bí ọdún 1939 sí 1941, apá ti Babalọlá ló di Christ Apostolic Church. Ìbéèrè kékeré nípa hóró oògùn kan wà lára ohun tó bí ọ̀kan nínú ìjọ tó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí tó dáa nìyí pé ẹ̀kọ́ ìsìn kì í dúró sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni ìjọ yìí dá àwọn ilé àbíyè sílẹ̀, níbi tí aláboyún ti ń bímọ pẹ̀lú àdúrà. Ẹdẹ ni Babalọlá kú sí ní oṣù keje 1959, wọ́n sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Ìlọrin: wíríìdì, hántú àti ilé kéwú

Ní Ìlọrin, ojú ọ̀nà súúfí, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí tó ń wá bí wọ́n ṣe máa sún mọ́ Ọlọ́run, ni ìrírí ẹ̀mí gbà wọlé. Kádíríyà, tó ń jẹ́ orúkọ Abdulkadir al-Jilani (ó kú ní Bàgìdáádì ní 1166), àti Tìjáníyà, ti Ahmad al-Tijani tó kú ní Fez ní 1815, làwọn èèyàn mọ̀ jù. Ọmọ Tìjáníyà tó ti gba wíríìdì (àdúrà ojoojúmọ́ ẹgbẹ́ náà) lọ́wọ́ mùkádámù, àfáà tó láṣẹ láti fún èèyàn, máa ń ka tẹ̀sùbáà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: ìtọrọ àforíjì 100, àsàlátù 100, lá ìlááhà ìllallááhù 100. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á tún kóra jọ ṣe síkírì, ìyẹn ìrántí Ọlọ́run, lẹ́yìn ìrun alásárì títí dìgbà tí oòrùn bá wọ̀.

Hántú náà wà. Àfáà á fi tàdáà, ìyẹn yíǹkì, kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, ìyẹn pátákó ìkéwú, á fomi fọ̀ ọ́, aláìsàn á mu ún. Ó jọ omi ìyè lójú ẹni tó ń wò ó láti ìta, àmọ́ ìyàtọ̀ wà: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni hántú gbára lé, omi ìyè gbára lé àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń mu hántú lè lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

Àbájáde tó tóbi jù ní Ìlọrin ni ẹ̀kọ́. Látìgbà Ṣééù Àlímì, àfáà tí ìran ẹ̀ di ọba Ìlọrin, ni ìlú yìí ti ń pe àfáà mọ́ra. Adam Abdullah al-Ilori (1917 sí 1992) dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ Agége ní 1955, àwọn tó kàwé níbẹ̀ sì ti dá ilé kéwú sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn tí ò gbà pé Ọlọ́run wà

Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wọn. Ẹni tí kì í ṣe kìrìsìtẹ́nì ni onígbàgbọ́ sábà máa ń pè ní aláìgbàgbọ́, mùsùlùmí ní kèfèrí tiẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè máa tọ́ka sí ẹni tó ń bọ òrìṣà, tó gba Olódùmarè gbọ́ dáadáa. Ọmọ Yorùbá tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Tai Solarin (1922 sí 1994) tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún kálukú láyè láti ní èrò tiẹ̀ àti láti yí ẹ̀sìn padà. Síbẹ̀ ní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Kánò sọ Mubarak Bala, tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, sẹ́wọ̀n ọdún 24 lórí ohun tó kọ sórí Facebook. Wọ́n dín in kù sí ọdún 5 ní 2024.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù

Ní oṣù kejì 2021, ìjọba Kwara ti ilé ìwé 10 pa ní Ìlọrin, ilé ìwé tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba ń náwó sí, nítorí awuyewuye lórí híjáàbù, ìborí àwọn ọmọbìnrin mùsùlùmí. Ìjọba gbà káwọn ọmọbìnrin mùsùlùmí máa lò ó. Ọdún kejì ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà dìjà ní Ìjágbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà, èèyàn sì kú níbẹ̀.