Lílo dírónù láti kápá ẹlẹ́dẹ̀ igbó

Dírónù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò gbé awakọ̀, wà lára ohun tí wọ́n ń lò báyìí láti wá ẹlẹ́dẹ̀ igbó, láti kà wọ́n àti láti dáàbò bo oko. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, túùkú ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù: ẹran pupa tí irun funfun là lẹ́yìn gbọọrọ, tó ń jẹ̀ lóru ní ọ̀wọ́. Ó yàtọ̀ sí ìmàdò, tí í ṣe ẹran ọ̀dàn. Ilẹ̀ á mọ́, àgbẹ̀ á bá ebè tí wọ́n ti fi imú tú. Ewé ẹ̀gẹ́ ṣì tutù lára igi rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti jẹ ìdí rẹ̀ tán.

Kámẹ́rà tó ń rí ooru, tí wọ́n so mọ́ dírónù, ló ni iṣẹ́ náà. Nínú àwòrán rẹ̀, ara ẹran á máa tàn bí ẹyin iná nínú eérú. Ìdájí ló dára jù, torí àpáta bíi ti Ìdànrè máa ń pa ooru oòrùn mọ́ wọ alẹ́, ó sì lè jọ ẹran. Lábẹ́ igi kòkó tàbí nínú igbó dídí, kámẹ́rà kì í rí púpọ̀. Oko tó là gbangba ló ti wúlò.

Ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní Texas, àlejò ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Àwọn ará Sípéènì kó ẹlẹ́dẹ̀ dé Florida ní ọdún 1539, àwọn tó sá wọgbó sì di púpọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1971 kò gbà kí èèyàn yìnbọn pa ẹran láti òfurufú láìgbàṣẹ. Nítorí náà, dírónù á wá ọ̀wọ́ rí, wọ́n á sì dẹ pàkúté onírin ńlá tó lè mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan tàbí méjì, ìyókù á fọ́n ká, wọ́n á sì tún gbọ́n sí i.

Ọmọ onílẹ̀ ni túùkú ní tiwa, pípa á run kò sì tọ́. Ohun tó bá Oǹdó mu ni kí dírónù fi ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ oko hàn, kí àgbẹ̀ ṣọgbà síbẹ̀, kí ọdẹ àti ajá sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé dírónù fò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ó tún yẹ kó sọ fún àwọn ọdẹ tó ń dẹgbó lóru náà kó tó gbé e sókè.