Hot Rod Àbáláyé: Ta Ló Kọ́kọ́ Pè É Bẹ́ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá bọ́ sáàárín àwọn tó ń kan hot rod l'Amẹ́ríkà, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún kàn kó lè sáré, ẹ má bi wọ́n pé èwo ló jẹ́ àbáláyé o, torí ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Ẹnì kan á ní táyà radial tòde òní ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, ẹlòmíì á ní kò burú tí ẹ́ńjìnnì bá ṣáà ti jẹ́ ti Ford, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹnì kẹta ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wá alternator, ohun ìgbà tuntun tó ń fún ọkọ̀ níná. Nǹkan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣà ò sí lórí wọn. Eré ni wọ́n ń wá, eré àsápajúdé.

Gúúsù California ló ti ṣẹ̀. Àwọn adágún kan wà nínú aṣálẹ̀ ibẹ̀ tómi wọn ti gbẹ, Muroc, El Mirage àtàwọn míì, ilẹ̀ wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sígi kò sí kòtò, kéèyàn ṣáà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Owó ò sì sí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí. Ford Model T ló kún ìgboro, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ kó tó dáwọ́ dúró lọ́dún 1927, nítorí náà èyí tó bá ti gbó ò wọ́n. Wọ́n á tú mọ́dígáàdì dànù, wọ́n á tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì iwájú pàápàá á lọ. Ẹni tó bá rí i lónìí á rò pé oge ni, kì í ṣe oge o, wọ́n fẹ́ kó fúyẹ́ ni. Lọ́dún 1937 làwọn kílọ́ọ̀bù kóra jọ dá SCTA (Southern California Timing Association) sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi aago wọn eré wọn létòlétò.

Ford ti gbé V8, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, jáde lọ́dún 1932 ná, èyí tí wọ́n ń pè ní flathead, agbára ẹṣin 65. Kò tíì sí V8 tó rọjú tó bẹ́ẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Ọkọ̀ ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní Deuce títí dòní. Àmọ́ bírékì ẹ̀ ò dáa, ọ̀pá irin ló ń fà á, Ford ò ṣe bírékì olómi àfi ìgbà tó di 1939. Kí làwọn ọmọ yẹn ṣe? Wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí, wọ́n tú bírékì 1939, wọ́n gbé e sí ọkọ̀ 1932. Wọ́n to kábúrétọ̀ Stromberg 97 méjì tàbí mẹ́ta sórí ẹ̀. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń pè ní àbáláyé lónìí, ohun tó dáa jù tówó wọn ká nígbà yẹn ni.

Ogun Àgbáyé Kejì dé, ṣọ́jà gba Muroc, ibẹ̀ ló di Edwards Air Force Base. Ìgbà tí wọ́n tojú ogun dé ni nǹkan wá gbóná. Alex Xydias ṣí ṣọ́ọ̀bù So-Cal lọ́dún 1946, Bill Burke ní tiẹ̀ mú táǹkì epo tí wọ́n ń so sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ó sọ ọ́ di mọ́tò eré, ẹ gbọ́ ná, táǹkì epo o! Ìwé ìròyìn Hot Rod jáde lọ́dún 1948, àwọn ọlọ́kọ̀ hot rod sì kọ́kọ́ sá eré tiwọn ní Bonneville, pápá iyọ̀ kan ní Utah, lọ́dún 1949.

Ìgbà tí Chevrolet wá gbé V8 kékeré ẹ̀ jáde lọ́dún 1955 ńkọ́? Wọn ò ṣọ̀fọ̀ flathead rárá, ọ̀pọ̀ wọn sọ ọ́ nù ni. Nígbà tó fi máa di 1964, Pontiac ti ń ta GTO, kí lèèyàn tún fẹ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ kan ọkọ̀ eré sí nígbà tí ilé iṣẹ́ ń tà á?

Lẹ́yìn ìyẹn ni street rod dé, ìyẹn hot rod tí wọ́n ṣe fún ìgboro, kì í ṣe fún eré, wọ́n pàdé ní Peoria ní Illinois lọ́dún 1970, ara ọkọ̀ di fáíbà, wọ́n fi AC sí i, nígbà tó di 1980 sókè gbogbo ẹ̀ di alumíníọ̀mù tó ń dán gbinrin, Boyd Coddington lọ̀gá ìyẹn. Ibí yìí lọ̀rọ̀ àbáláyé ti wá gbilẹ̀. Bí ò bá sí tòkunbọ̀, ta ló fẹ́ máa pe ọkọ̀ tuntun ní tear rubber? Àwọn tí alumíníọ̀mù yẹn sú ló padà sídìí flathead, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ ìgbà 1990.

Wọn ò tíì fẹnu kò síbì kan o. Àwọn kan ní kò gbọ́dọ̀ kọjá ìgbà ogun, àwọn kan sún un dé 1965. Èyí tó yé mi jù ni pé kó o mú ọdún kan, kí gbogbo nǹkan tó wà lára ọkọ̀ jẹ́ ohun tọ́mọ ìgbà yẹn lè rí. Tó o bá ní 1949 lo mú, má gbé ẹ́ńjìnnì Chevrolet wá síbẹ̀. Rat rod tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dípẹtà ní tiẹ̀, mi ò gbà á, torí àwọn ará àtijọ́ kun ọkọ̀ wọn nígbà tówó bá wà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń fi alternator pamọ́ sínú ìkòkò generator àtijọ́, ohun tó ń fún ọkọ̀ níná kí alternator tó dé, kí àwọn adájọ́ ìdíje ọkọ̀ má bàa rí i. Ọmọ Muroc ọdún 1938, tó bá rí alternator nílẹ̀, á ti gbé e sá kẹ́ ẹ tó yíjú.